Ẹ̀gbin Ẹ̀yìn Ẹ̀wù

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì tó gbé Zulema láti Santiago del Estero wọ Buenos Aires. Orí itan ló gbé fayolíìnì rẹ̀ lé láti ilé, kò gbà kí wọ́n kó o mọ́ ẹrù tó kù. Bàbá bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ kó tó kú. Aago mọ́kànlá ni yóò fi ṣeré níwájú àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ orin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò náà. Bí kò bá wọlé, ìdí èédú tí bàbá rẹ̀ ń sun nínú igbó ni yóò padà sí.

Àǹtí Eduviges, tó ti ń tọ́jú ilé onílé ní Buenos Aires fún ogún ọdún, ti kìlọ̀ fún un lórí fóònù títí etí rẹ̀ fi kún.

"Gbọ́ mi dáadáa, Zulema. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Wọ́n á da ẹ̀gbin sí ẹ lẹ́yìn, o ò ní mọ̀. Ẹnì kan á sáré dé pẹ̀lú tíṣù, á ní, 'Pẹ̀lẹ́ o, ẹyẹ ti yàgbẹ́ sí ẹ lára.' Bó ṣe ń nù ẹ́, èkejì ẹ̀ ń gbé ẹrù ẹ lọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ẹ́ o!"

"Tó bá wá ń rùn ńkọ́, Àǹtí?"

"Máa rùn bọ̀ nílé. Òórùn ò pààyàn."

Oṣù Kẹta ni, ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Kí Zulema tó rìn dé ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀, ó ti rí ọmọ mẹ́ta tó gbé irú àpótí fayolíìnì dúdú tirẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní.

Bàbá arúgbó kan ló wá rí lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọrùn dé ìdí. Ohun náà dà bí ìgbẹ́ adìyẹ tí wọ́n pò mọ́ ẹyin tó ti rà. Àwọ̀ ewé ni, ó sì ń kán sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn tó ń kọjá ń dí imú, wọ́n ń tutọ́, wọ́n ń yà. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ti dé ọ̀dọ̀ bàbá náà, wọ́n mú tíṣù àti ike omi dání.

Zulema sáré lọ bá wọn. Kí èèyàn da irú nǹkan báyìí sí àgbàlagbà lára torí àtijalè! Ìyẹn rí i lára ju ẹ̀gbin fúnra rẹ̀ lọ.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn yín! Olè ni wọ́n!"

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí ló kàn ẹ́ ńbẹ̀, ìwọ ará oko yìí?"

"Ará oko ni mí lóòótọ́, n kì í ṣe olè. Ẹ kúrò níbẹ̀ kí n tó figbe ta!"

Wọ́n kó tíṣù wọn, wọ́n lọ.

Bàbá náà gbójú sókè. Èdè Kichua, èdè ilé Zulema, ló fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí i létí láti ìgbà tó ti wọkọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá bá ọ sọ Kichua, ẹbí rẹ ni. Wọn kì í bèèrè orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó fún un lómi mu.

"Ọmọ ta ni ẹ́, ọmọ mi? Ohùn ẹ yìí, ohùn ará Atamisqui ni."

"Atamisqui gan-an ni, Bàbá! Ọmọ Ledesma tó ń sun èédú ni mí."

"Háà! Crisanto lorúkọ tèmi. Ọmọbìnrin mi ló bímọ, ni mo ní kí n wá wò ó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ìkókó mọ́ra pẹ̀lú ìgbẹ́ yìí?" Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Zulema wo ẹ̀wù náà, ó wo àpótí ọwọ́ rẹ̀.

"Gbé e sábẹ́ bẹ́ǹṣì, sáàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì," ni Bàbá Crisanto wí. "Màá fẹsẹ̀ há a mọ́ra. Ìwọ náà, máa wò yíká o. Ìlú burúkú nìlú yìí."

Zulema gbé e síbẹ̀, ó tú ìborùn rẹ̀, ó ń fi í nu ẹ̀yìn bàbá náà. Ẹ̀gbin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń fà bí ilá. Ó wọ abẹ́ èékánná rẹ̀. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń nù ún lọ. Ọkùnrin kan tó jókòó kẹ̀yìn sí wọn lórí bẹ́ǹṣì kejì, tó ń jẹ empanada, ìpápánu ẹlẹ́ran, bí ẹni tí kò nímú, dìde nígbà tí wọ́n pe ọkọ̀ rẹ̀. Ó fa ẹrù rẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Bàbá Crisanto fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ ti àpótí náà jáde. "Òun nìyẹn o. Gbé e wò." Zulema gbé e, ó wúwo bó ṣe yẹ. Bàbá náà gbọ́wọ́ lé e lórí, ó súre fún un.

Ó fọ ọwọ́ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibùdókọ̀, ó bu ọṣẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ju ìborùn nù. Nínú bọ́ọ̀sì ìgboro, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o kì í wẹ̀ ni?"

Zulema ki ọwọ́ bọ abíyá. Nígbà tó dé ilé-ẹ̀kọ́, ó tún un fọ̀, ó fi kànìnkànìn ha á títí awọ fi fẹ́ẹ̀ bó. Òórùn náà ò lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń dúró de ìdánwò sún àga wọn jìnnà. Ojú tì í, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń wú. Ó pe Àǹtí Eduviges.

"Àǹtí, mo gba bàbá ará ilé wa kan lọ́wọ́ wọn!"

"O káre, ọmọ mi. Ẹrù ẹ dà?"

"Ó wà lórí itan mi."

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí aago mọ́kànlá lù. Olùkọ́ mẹ́ta ló jókòó. Ọ̀kan nínú wọn dìde lọ ṣí fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló ń rùn," ni Zulema wí, ó sì ṣí àpótí náà.

Ààbọ̀ bíríkì ló wà níbẹ̀, wọ́n fi àkísà wé e kó má baà máa ró, ẹ̀gbin aláwọ̀ ewé yẹn kan náà ló sì rin àkísà náà gbingbin.