Ìyá Kípà Tún Ti Dé

Káfíńtà jókòó sí pálọ̀, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ayélujára, ó ń tẹ fóònù bí ẹni ń kan ìṣó.

“Fíìmù kípà tí gbogbo yín ń sunkún lé lórí yẹn, ìranù ni. Kípà tó jẹ́ kí wọ́n lé wa nínú Ife Àgbáyé náà, apẹ̀rẹ̀ ajádìí ni.”

Ẹni tó ń pe ara ẹ̀ ní Ìyá Kípà tún yọjú.

“Ẹlẹ́nu gbọ̀ọ̀rọ̀! O sùn látìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dópin. Kí lo rí?”

Ta ló sọ fún un? Inú ń bí káfíńtà débi pé kò tiẹ̀ rò ó.

“Aláìlójútì! Ìyà mà ń jẹ ọkọ ẹ o. Àánú ẹ̀ ń ṣe mí.”

Bó ṣe fi í ránṣẹ́, fóònù kan dún ní kíṣìnnì.

Ìyàwó ẹ̀ dáhùn láti ibẹ̀, kò pariwo.

“Bàbá Ìbejì, àánú ara yín ló ń ṣe yín.”