Pèpéle Alhaji ní Marcory
Bí àpò ìrẹsì ṣe ń jáde ni ẹ̀yìn ọkọ̀ ń ga sí i. Bíríkìlà ń wò ó. Oṣù tó kọjá, ọkọ̀ yìí kan náà ló fi wọ̀n bí pèpéle kọ́ńkéré tó mọ fún Alhaji sẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí yóò ṣe ga tó, ṣùgbọ́n ẹrù ló kún inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní báyìí tí wọ́n ń já ẹrù, ọkọ̀ ń dìde bí ràkúnmí, ọmọlanke kò sì lè yí láti inú rẹ̀ bọ́ sórí pèpéle mọ́.

"Òòlù ni màá fi fọ́ pèpéle yìí lónìí," Alhaji wí.

"Ẹ fara balẹ̀, Alhaji. Ẹ jẹ́ kí àwọn aláàárù lọ jókòó sínú ọkọ̀."

Àpò kan jáde, ènìyàn kan wọlé. Àwọn aláàárù wọlé tán, akọ̀wé tẹ̀ lé wọn, mẹ́gáàdì náà wọlé. Síbẹ̀, ọkọ̀ ṣì ga díẹ̀.

"Alhaji, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ tẹ̀wọ̀n jù."

Alhaji ká agbádá, ó wọlé. Ọkọ̀ wálẹ̀, ó bá pèpéle dọ́gba rẹ́gí. Bíríkìlà fúnra rẹ̀ fi ọmọlanke ti àpò tó kẹ́yìn jáde, ó yí geere.

Ariwo ọmọlanke ló jí Hamidou, awakọ̀ tó ti ń sùn nídìí sítíárì látàárọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rò pé èrò tó ń lọ sí ìlú Bouaké ló kún ọkọ̀.

"Bouaké, on y va, ó yá ká lọ," ló wí, ó sì ṣáná sí ọkọ̀.

Ọkọ̀ ti ń yà sí títì kí bíríkìlà tó gbọ́ ohùn Alhaji láti inú rẹ̀.

"Ó dọ́gba lóòótọ́, bíríkìlà. O kú iṣẹ́."