Koríko Dúdú Tó Hù Lẹ́nu Ọ̀nà Verlyn

Ọkùnrin kan wà nílùú wa ní Montana tí kò lè sọ pé, "Mo ṣàṣìṣe." Verlyn Haugstad lorúkọ rẹ̀. Ó lè gbàdúrà títí oúnjẹ yóò fi tutù níwájú àlejò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí.

Àwa tí a ń yìnbọn sí àmì láti ọ̀nà jíjìn kì í fẹ́ ọta inú ṣọ́ọ̀bù. Fúnra wa la ń wọn ẹ̀tù, tí a ń rọ ọ́ sínú ìkarahun idẹ, tí a sì ń tẹ ọta lé e lẹ́nu. Bí ẹ̀tù kan bá rú ẹnikẹ́ni lójú, tí kò mọ irú èyí tó jẹ́ mọ́, iwájú ilé ni yóò dà á sí. Ẹ̀tù a máa mú kí koríko dúdú minimini, nítorí náà kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa tí koríko rẹ̀ kò dúdú níbì kan. Ti Verlyn nìkan ló rí bákan náà látòkè délẹ̀, ó sì ń fi í yangàn.

"Ẹ wo iwájú ilé mi," ni yóò wí. "Èmi kì í da nǹkan nù."

Lọ́dún tí ẹ̀tù wọ́n, tí ìdíje ìpínlẹ̀ ku ọ̀la, Verlyn ṣe ọta ìbọn ìléwọ́ tán, kò sì gbé agolo rẹ̀ kúrò kó tó gbé ti ìbọn gígùn jáde. Ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ ń jó wàrà bí ewé gbígbẹ. Ti ìbọn gígùn kì í kánjú; bí ti ìléwọ́ bá wọ inú ìbọn gígùn, ìbọn a fọ́. Ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ tó ṣẹ́ kù, ó ṣì í dà sínú agolo ti ìbọn gígùn. Ó rí i. Ó sì mọ̀. Bí bàbá Gunderson, àgbà ẹgbẹ́ wa, ṣe wọlé nìyẹn.

"Verlyn, agolo méjì lórí tábìlì kan? Ṣé o fẹ́ fi sebẹ̀ ni?"

"Bàbá, ẹ lọ mu kọfí yín jàre."

"Mo ti mu ún. Tó bá rú ẹ lójú, koríko wà níta o."

"Koríko tiyín ti pọ̀ tó, ẹ ra màlúù sí i!"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó lọ. Verlyn gbọn agolo náà títí ojú rẹ̀ kò fi rí ìyàtọ̀ mọ́, ó wá fi ẹ̀tù inú rẹ̀ ṣe ọta fún Arlys, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Opó ni Arlys. Làkúrègbé ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, kò lè ṣe ọta fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ẹgbẹ̀rún yáàdì, kò sẹ́ni tí ojú rẹ̀ mú tó tirẹ̀.

Láàárọ̀ ìdíje, Arlys gba páálí ọta náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mú nínú tuntun yìí? Ti tẹ́lẹ̀ lẹ kó."

"Ìwọ lo máa gba ife. Ṣé mo ti fún ẹ lóhun burúkú rí ni?"

"Rárá o. Tẹ́ ẹ bá dán an wò, màá fẹjọ́ yín sun Màámi lọ́run."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Verlyn rẹ́rìn-ín! Ó mọ ohun tó wà nínú páálí yẹn, ó kó ọta tó dá a lójú sápò ara rẹ̀, ó sì bá a rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn ìbọn Arlys fi fọ́. Irin fọ́n sí i lójú ọ̀tún, ojú tó fi ń wo àmì. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ, tí ẹ̀jẹ̀ bò ó, igbe tó ń ké ni pé, "Ẹ dá ẹ̀gbọ́n mi dúró! Ẹ ní kí wọ́n má yin tiwọn o!"

"Ìbọn rẹ̀ ló ti gbó," ni Verlyn wí.

Bàbá Gunderson dìde. Ó lọ gbé agolo orí tábìlì Verlyn wá, ó da díẹ̀ sínú àwo funfun níwájú gbogbo wa. Lórí funfun, ìyàtọ̀ hàn: ẹ̀tù kan rí bí igi tín-ín-rín, èkejì pẹlẹbẹ. Ẹgbẹ́ lé Verlyn lọ́jọ́ náà. Bàbá wá gbé agolo lọ sí ilé Verlyn, ó da gbogbo ìyókù sẹ́nu ọ̀nà.

Koríko ibẹ̀ ti wá dúdú minimini. Verlyn ń gé e, ó ń hù. Òdìkejì ọ̀nà ni Arlys ń gbé. Ojú kan tó kù fún un ló fi ń wo koríko náà láràárọ̀. Ó ní kí Verlyn má tẹ ilé òun títí yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Verlyn kò tíì lọ.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ jẹ́wọ́ àṣìṣe yín nígbà tó ṣì kéré tó ohun tí a lè dà sórí koríko. Ákánì inú Ìwé Mímọ́ bo ohun tó jí mọ́ inú àgọ́, àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kú lójú ogun ní Áì. Ọlọ́run tó tú àgọ́ yẹn wò kò tíì fọ́jú. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ojú tì yín, ojú ẹlòmíràn ni yóò lọ sí i.