Tọ́bò fún Òkè Patti

Súbérù ra tọ́bò kan tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù, ó ní kí Làmídì mẹkáníìkì dè é mọ́ ọ̀kadà òun. Ọ̀kadà náà kò ju èyí tí ènìyàn fi ń gbé iṣu láti ọjà Kpata lọ sílé. Tọ́bò náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí màlúù.

Ìyá rẹ̀, Mùsílímátù, béèrè ohun tí nǹkan náà wà fún.

"Ẹ̀fín tó ń jáde ni yóò máa yí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀," ni Súbérù wí. "Abẹ̀bẹ̀ yẹn á wá máa ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀, iná á pọ̀, eré náà á pọ̀."

"Ikú ńkọ́? Ṣé òun náà á pọ̀?"

"Màmá, ẹ ò mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ."

Mùsílímátù gbà pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ohun tó mọ̀ ni pé Súbérù nìkan lọmọ tó kù fún òun, àti pé okùn ni wọ́n fi so bíréèkì ọ̀kadà náà.

Ìdòwú náà ti de tọ́bò tirẹ̀, lọ́dọ̀ Làmídì kan náà. Òun àti Súbérù ni wọ́n jọ ń gbé èrò ní ibùdókọ̀ Crusher ní Lọ́kọ́ja. Wọ́n ti fẹnu kò pé ní ọ̀sán Sátidé, àwọn yóò sáré gun òkè Patti. Ẹni tó bá kẹ́yìn kò gbọdọ̀ gbé èrò ní Crusher mọ́. Láàárín ọlọ́kadà, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lágbára ju ìdájọ́ kóòtù lọ, nítorí kò sí lọ́yà tó lè dá a dúró.

Ní Ọjọ́bọ̀, Mùsílímátù pàdé Títílọpẹ́, ìyá Ìdòwú, nídìí ata ní Kpata.

"Ọ̀kun o, Ìyá Súbérù. Mo gbọ́ pé ẹ ti fi tọ́bò sí kẹ̀kẹ́ yín."

"Ọ̀kadà ni, Ìyá Ìdòwú."

"Ẹ má bínú. Ẹ sọ fún Súbérù kó so okùn mọ́ iwájú rẹ̀. Bí Ìdòwú bá ti dé òkè, á fà á gòkè."

"Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin náà ẹ di òkúta mọ́ Ìdòwú lẹ́sẹ̀, kó má baà fò kọjá òkè, kó lọ já sínú odò Ọya."

Títílọpẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣa ata rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ èyí tó ti jẹrà sọ́tọ̀, ó sì lọ. Mùsílímátù wo ẹ̀yìn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì jẹun láti àárọ̀ àná.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Súbérù wà ní mọ́ṣáláṣí, Mùsílímátù lọ sí ṣọ́ọ̀bù Làmídì. Ọ̀kadà náà wà níbẹ̀.

"Làmídì, ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi yọ abẹ̀bẹ̀ inú nǹkan yìí. Fi páànù rẹ̀ sílẹ̀ kó máa rí i."

Làmídì kò béèrè ìdí. Ó nu ọwọ́, ó mú sípánà, kò sì pẹ́ tó fi yọ ọ́.

"Ṣùgbọ́n á mọ̀," ni Mùsílímátù wí. "Kò ní máa súfèé bí tọ́bò mọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá."

Làmídì kó ọwọ́ sínú ike kan, ó mú fèrè kékeré kan jáde, irú èyí tó máa ń wà lẹ́nu kẹ́tùlù. Ó jó o mọ́ ẹnu sàléńsà. Nígbà tó ta ẹ́ńjìnnì náà, ìfé rẹ̀ dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ariwo ni wọ́n ń fẹ́, Màmá. Eré kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọn."

"Bó bá wá kẹ́yìn ńkọ́?"

"Ẹ ṣì lè ní kí n dá a padà."

Mùsílímátù ronú nípa iṣẹ́ Crusher. Ó ronú nípa kọ́nà tó wà lẹ́bàá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Patti. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Làmídì, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ Sátidé, èrò kún ẹsẹ̀ òkè. Ọ̀kadà méjèèjì ń súfèé bákan náà, àwọn ajá àdúgbò sì ń dá wọn lóhùn. Wọ́n gbéra. Ewúrẹ́ kan tó ń gòkè lọ jẹko bá wọn rìn dé kọ́nà àkọ́kọ́, kó tó yà sínú igbó.

"Ẹ wo eré!" ni àwọn èrò ń pariwo. "Tọ́bò ni! Tọ́bò ni!"

Súbérù fi táyà kan ṣáájú dé òkè. Ìdòwú bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì gbé agboòrùn rẹ̀ kúrò ní Crusher lọ́jọ́ náà. Títílọpẹ́ bá a gbé e, ó sì ń kọrin.

"Màmá, mo ń gbọ́ agbára ẹ̀ lábẹ́ mi bí ẹṣin!" ni Súbérù wí.

"Alihamudulilahi," ni Mùsílímátù wí. Kò wo ojú rẹ̀.

Oorun kò kùn ún títí di ọjọ́ Ajé. Lójú tirẹ̀, ọ̀kadà òfìfo kò lè borí ọ̀kadà tọ́bò. Làmídì ti tàn án jẹ, ọmọ rẹ̀ sì ń gun ikú kiri ìlú. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ọlọ́kadà mẹ́fà ló wà lórí ìlà níbẹ̀, wọ́n fẹ́ de tọ́bò. Ó fa Làmídì wọ inú.

"O dá abẹ̀bẹ̀ yẹn padà, àbí? Ọmọ mi borí ẹni tó ní tọ́bò!"

"Màmá, ta ló ní tọ́bò?" ni Làmídì wí jẹ́jẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ fa àpò kan jáde lábẹ́ tábìlì, nínú èyí tí abẹ̀bẹ̀ mọ́kàndínlógún wà, iye tọ́bò tó ti dè ní Lọ́kọ́ja gẹ́lẹ́, tí ìyá mọ́kàndínlógún ti yọ́ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ kúrò: ti Súbérù ló wà lókè, ti Ìdòwú ló sì wà lábẹ́ rẹ̀, láti Ọjọ́rú.