Èsì Tí Pásítọ̀ Kò Kà Síta

Ìgbà mẹ́ta ni Pásítọ̀ Bólúwají ti sún ọjọ́ ìgbéyàwó Mọ́fẹ́yìsára síwájú, ohun kan náà ló sì sọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "Màmá, ẹ jẹ́ ká dúró de àkókò Ọlọ́run."

Ìbíjọkẹ́, ìyá ọmọ, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní ìdúró. Gbogbo ìjọ wọn ní Ìkòròdú ló mọ̀ pé ó lé ní ọdún méje nílé ọkọ kó tó bí Mọ́fẹ́yìsára, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ìjọ gbààwẹ̀ fún un, wọ́n bá a sunkún. Nígbà tí ọmọ dé, ìtàn ẹ̀ di ìwàásù. Bí pásítọ̀ bá ti fẹ́ gba àwọn tó ń wá ọmọ níyànjú, á ní, "Ẹ wo Màmá Mọ́fẹ́yìsára." Ìbíjọkẹ́ á tẹrí ba. Àwọn èèyàn ní ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Láti oṣù Kẹta tí èsì àyẹ̀wò ti dé, pásítọ̀ kò fi í ṣe àpẹẹrẹ mọ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ mú ara fu ú.

Nínú ìjọ wọn, àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó kì í mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá fúnra wọn, torí àwọn kan ti ra èsì rí. Ilé àyẹ̀wò ló ń fi ránṣẹ́ sí pásítọ̀ nínú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Pásítọ̀ á kà á, á pe ọkọ àti ìyàwó, á sọ fún wọn. Ti Mọ́fẹ́yìsára àti Tìmílẹ́hìn, àfẹ́sọ́nà ẹ̀, dé. Pásítọ̀ kà á. Kò pe ẹnì kankan.

Ìbíjọkẹ́ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá fàbọ̀ sórí Adéòjó. Adéòjó ni àbúrò pásítọ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún, kò níyàwó, òun ló ń tẹ dùùrù fún àwọn akọrin tí Mọ́fẹ́yìsára ń ṣe aṣáájú wọn.

"Ó fẹ́ fi ọmọ mi tún ilé àbúrò ẹ̀ ṣe ni," ó sọ fún ọkọ ẹ̀.

Ògúnwálé, tó ń wa ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan, bọ́ bàtà ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Pásítọ̀ ò jọ bẹ́ẹ̀."

"Olè wo ló ń jọ olè kó tó jalè?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Mọ́fẹ́, ọdún méje lo fi dúró. Oṣù mẹ́rin wá di ogun."

Ìbíjọkẹ́ dìde. Ó lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Nígbà tó di Sátidé, ó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mùlíkátù, ìyá Tìmílẹ́hìn, ń to ẹja yíyan sórí àtẹ ní Ọjà Olúwo. Mùsùlùmí ni, ọkọ ẹ̀ tó ti dolóògbé ló kó àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àna mi, ẹ káàbọ̀," ó ní, ó fi aṣọ nu ìjókòó fún un. "Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ tiwa ni, a ti so yìgì, ìyàwó ti lóyún. Àbí Ọlọ́run tiyín ò ní kàlẹ́ńdà ni?"

"Ọlọ́run kọ́. Pásítọ̀ ni."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn ni ò bára mu?"

"Kí ni ò ní bára mu? Èmi àti bàbá ẹ̀, AA ni wá. Ilé-iṣẹ́ wọn yẹ gbogbo òṣìṣẹ́ àti ìyàwó wọn wò lọ́dún tó kọjá. Ta ló tún ń yẹ ọmọ AA méjì wò? Torí pé ṣọ́ọ̀ṣì ní dandan ni."

"AA ni tèmi náà." Mùlíkátù yí ẹja kan padà, ó tún yí i padà. "Nígbà náà, ẹnì kan ń tan ẹnì kan. Ẹ gbọ́ o, àwọn ẹbí ti ń ní ká wá ìyàwó míì fún un. Mo bá yín bẹ̀ wọ́n di ìparí oṣù yìí. Mi ò lè bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Ìbíjọkẹ́ fa ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́ wọ ọ́fíìsì pásítọ̀. Fọ́ọ̀mù ìgbéyàwó tí Ògúnwálé fúnra ẹ̀ kọ irú ẹ̀jẹ̀ òun àti ìyàwó ẹ̀ sí wà lórí tábìlì, àpò ìwé náà wà lórí ẹ̀.

Pásítọ̀ dìde. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún èmi àti Màmá ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Fún kí ni?" ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Kí lẹ fẹ́ sọ fún mi tí ọkọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́?"

"Màmá, mo bẹ̀ yín. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń gbàdúrà lórí bí màá ṣe sọ ọ́."

"Ẹ sọ pé Adéòjó lẹ fẹ́ fi í fún. Ẹ sọ ọ́ lójú bàbá ẹ̀."

"Adéòjó?" Pásítọ̀ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ó gbọ́wọ́ lé àpò ìwé náà.

Ìbíjọkẹ́ fà á yọ lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ó gbé e fún ọkọ ẹ̀. "Bàbá Mọ́fẹ́, ẹ kà á sókè. Ká jọ gbọ́ ọ."

Ògúnwálé wọ awò ojú ẹ̀. Ó ka orúkọ Tìmílẹ́hìn: AA. Ó ka orúkọ ọmọ ẹ̀: AS. Ó tún un kà láìsọ̀rọ̀ sókè.

"Èmi, AA," ó ní jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò fún ọmọdé. "Ìwọ, AA. Níbo ni S ti wá?"

Ilẹ̀ ni pásítọ̀ ń wò.

Lọ́dún keje yẹn, nígbà tí gbogbo ìjọ ń bá Ìbíjọkẹ́ dúró de Ọlọ́run, òun nìkan ni kò dúró.