Ọ̀lẹ Tó Ń Fọwọ́ Sí I

Omi ń jò láti àjà sórí ibùsùn wọn, ó ti pé oṣù méje.

Ilé ìjọba ni. Ìjọba ìlú onílùú, tí wọ́n ní nǹkan kì í bàjẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ìyàwó Bàbá Ìbejì gbé bàsíà sí àárín ibùsùn.

"Bàbá Ìbejì, ẹ mú bírò. Ẹ kọ òmíràn sí wọn."

Ó mú bírò. Lẹ́tà keje nìyí.

"Ẹ kọ ọ́ pé ká ní a mọ̀ ni, à bá jókòó sílé, kí òjò tiwa máa pa wá."

"Ṣé kí n fi 'aláìnítìjú' sí i?"

"Ẹ fi sí i lẹ́ẹ̀mejì."

Ó fi sí i.

Ìyàwó rẹ̀ wá fa èsì tó dé kẹ́yìn yọ: *A ti rí lẹ́tà yín, a ń mójú tó o.*

"Ọ̀lẹ wo tiẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ìdọ̀tí yìí? Ẹ wò ó, wúruwùru."

Ọkọ rẹ̀ ti ọwọ́ bọ àpò.

"Fi wọ́n sílẹ̀, ìyàwó mi. Ọ̀lẹ kún ibẹ̀ fọ́fọ́."

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Ìbejì jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń gba ẹ̀sùn àwọn ayálégbé.

Ó ṣí lẹ́tà kan. Ó rí "aláìnítìjú" lẹ́ẹ̀mejì. Ó yínmú.

Ó lu òǹtẹ̀ sórí ìwé èsì: *A ti rí lẹ́tà yín, a ń mójú tó o.* Ó fọwọ́ sí i, wúruwùru. Ó ju lẹ́tà náà sínú dúróà, sórí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́fà.

Ọ̀gá rẹ̀ ń kọjá lọ. "Kí nìyẹn?"

"Àwọn àjèjì kan ni, sà. Wọ́n ti ń ráhùn jù."