Gíláàsì Iwájú Ọ̀kadà Japhet

Ràmọ́nù mẹkáníìkì ń de gíláàsì mọ́ iwájú ọ̀kadà Japhet ní Bàrígà.

"Atẹ́gùn ò ní ráyè débi ojú yín mọ́," ló wí.

Japhet ń wolẹ̀.

Sabina, ìyàwó rẹ̀, ló ra gíláàsì náà. Oṣù mẹ́ta ló fi yan ẹja kún èyí tó ń tà nítorí rẹ̀, kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbọ́.

Ìdí ni pé kò sí ìrọ̀lẹ́ tí ojú Japhet kì í pọ́n wálé. Káàdì ìgbéyàwó ló ń gbé káàkiri fún àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú.

"Atẹ́gùn ni," á wí bó ṣe ń sáré kọjá lọ sí balùwẹ̀.

Sabina á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Lónìí, bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ Ràmọ́nù, Japhet búra pé òun á gba ilé lọ tààrà. Ó tún yà lọ́nà.

Ó wọ àdúgbò, àwọn aládùúgbò ń kí i.

"Ẹ kú oríire, Bàbá Wonder. Ìyàwó yín gbìyànjú."

Ó kàn ń mi orí.

Sabina dìde nídìí ààrò. Èéfín ti sọ ojú tirẹ̀ di pupa fòò. Ó fi etí ìró nù ún, ó rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ ọkọ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí kó lè yẹ ojú rẹ̀ wò.

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Wonder, ojú yín ṣì pọ́n. Ibo ni atẹ́gùn tún gbà wọlé?"

Japhet pa ẹnu dé. Tó bá là á pẹ́nrẹ́n, òórùn paraga ni yóò dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn.